TA NI Ó Ń BỌ́ Ẹ̀WÀ?

Ìwàásù fún Ọjọ́ Ìsinmi Ìkórè
Ẹ̀kọ́ kíkà: Jeremáyà 29:4–7, Máàkù 4:26–29



Nínú àwọn ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Máàkù nìkan ni ó kọ òwe tí a kà ní òwúrọ̀ yìí sílẹ̀. Ọkùnrin kan fún irúgbìn sí ilẹ̀. Alẹ́ lẹ́, ó sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó dìde. Irúgbìn hù, ó dàgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún un kò mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Olúwa wa kò bá ọkùnrin náà wí nítorí àìmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé ilẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ wo ni ilẹ̀ ń ṣe? Fún nǹkan bí 1,800 ọdún lẹ́yìn tí Máàkù kọ ìwé rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Lónìí a ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí a lo àkókò ìkórè yìí láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí mo gbàgbọ́ pé ọ̀ràn àwa tí a ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ ní Mile 3 wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹ̀wà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi dẹ́ríkà wọn ẹ̀wà ní ọjà Mile 3, ẹ mọ̀ pé láti Òkè Ọya ni ọkọ̀ ti ń kó o wá. Àwa tí a sì ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé ó ń mú ara le. Tálákà tí kò rí owó ra ẹran, bí ó bá ti rí ẹ̀wà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ohun kan tí ń jẹ́ náítírójìn wà lára ohun tí ó fún ẹ̀wà ní agbára yìí. Bí kò bá sí i, kò sí ẹran ara, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ewé tútù.

Níbo ni ẹ̀wà ti rí náítírójìn? Inú afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ sí jù lọ. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí a ń mí sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn. Ó yí gbogbo ewéko ká láti orí dé ìdí. Síbẹ̀ kò sí ewéko kan ṣoṣo tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un jẹ. Méjì méjì ni náítírójìn ń so mọ́ ara wọn nínú afẹ́fẹ́, ìdè náà sì yi tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko kò fi lè tú u. Ó dà bí ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu ọ̀nà àká tí ó kún, ṣùgbọ́n tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ àká náà wà lọ́wọ́ wọn ni àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan tí ń gbé inú erùpẹ̀, tí a ń pè ní bakitéríà. Ojú lásán kò lè rí wọn. Erùpẹ̀ tí kò ju ẹ̀kún ṣíbí tíì kan lọ lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn nínú. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ọ̀nà àká yìí rárá, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn.

Láti ayébáyé ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fa ẹ̀wà àti ẹ̀pà tu tí wọ́n ń rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn kan rò pé àrùn ni. Láàárín 1886 sí 1888 ni àwọn ọmọ Jámánì méjì, Hermann Hellriegel àti Hermann Wilfarth, fi hàn pé nípasẹ̀ kókó wọ̀nyí ni àwọn ohun ọ̀gbìn ẹbí ẹ̀wà ti ń rí náítírójìn gbà láti inú afẹ́fẹ́. Ní 1888 bákan náà, Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ya bakitéríà tí ó wà nínú kókó náà sọ́tọ̀, ó sì sìn ín nínú ìgò. Ohun tí ayé ti ń pè ní àrùn wá di ibi ìdáná.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàdé. Nígbà tí ẹ̀wà bá hù, gbòǹgbò rẹ̀ a tú èròjà kan jáde sínú erùpẹ̀, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Bakitéríà tí ó bá gbọ́ èdè náà a dá a lóhùn pẹ̀lú èròjà tirẹ̀. Nígbà náà ni irun gbòǹgbò yóò ká kò, tí yóò gbá bakitéríà náà mọ́ra, tí yóò sì la ọ̀nà tóóró kan fún un wọ inú. Níbẹ̀ ni kókó yóò ti yọ. Ẹ kíyèsí i: irúgbìn ni àlejò, nítorí lánàá ni a gbìn ín, bakitéríà ni ó bá nílẹ̀. Síbẹ̀ àlejò ni ó ń kọ́ ilé fún onílẹ̀.

Kò sì gbà á sílé lásán. Ewé ẹ̀wà ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ṣúgà, ó sì ń fi apá kan rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ láti fi bọ́ àwọn tí ó wà nínú kókó. Bakitéríà kò rí oòrùn rí. Ẹ̀wà rí oòrùn, ṣùgbọ́n kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fi èékánná la kókó tí ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ pupa. Ohun tí ó mú un pupa jẹ́ ìbátan ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, títí di òní ni ó sì ń yà mí lẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti tóbi tó, ẹ wo ọ̀nà Eleme. Ní 1909, Fritz Haber, ọmọ Jámánì, rí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè tú ìdè náítírójìn nínú ilé ìwádìí rẹ̀. Ní 1913 ni ilé-iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ fún un bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní ilẹ̀ Jámánì, ọdún kan náà tí a fún ìlú Port Harcourt yìí ní orúkọ. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń ṣe ajílẹ̀ òyìnbó. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, NAFCON bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Onne ní 1987. Nígbà tí iṣẹ́ náà dúró, Notore rà á ní 2005. Indorama sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Eleme ní 2016, ó fi ìkejì kún un ní 2021. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti Eleme nìkan lè ṣe tó 1,400,000 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè tú ìdè náà, ó gbọ́dọ̀ jó gáàsì, kí ooru rẹ̀ ju 400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìfúnpá inú irin rẹ̀ sì ju ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lọ. N kò kẹ́gàn rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ayé kò ní tó bí kò bá sí irú iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń jẹun níbẹ̀ nínú ìjọ wa, kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé, iṣẹ́ tí ó gba irin àti iná bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá kan tí ojú kò lè rí ń ṣe é nínú ilẹ̀ tútù, lábẹ́ ẹ̀wà tí ìyá arúgbó kan gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, láìsí ariwo.

Kì í ṣe ẹ̀wà nìkan ni ó ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀gẹ́ náà ní tirẹ̀. Òjò ìlú yìí ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dún, ó sì ń fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ wa níhìn-ín kan; ìyókù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó bá wà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara irin àti alumíníọ́ọ̀mù inú erùpẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́, kò sì rọrùn fún gbòǹgbò láti rí i gbà. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ nípọn, kò pọ̀, irun rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n jẹ́ ìbátan olú ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ń na okùn tí ó tínrín ju irun orí lọ jáde láti ara gbòǹgbò, wọ́n ń wọ ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, wọ́n ń ru fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wálé, ẹ̀gẹ́ sì ń fi ṣúgà san owó iṣẹ́ wọn. Bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ sínú irú ilẹ̀ wa yìí lẹ́yìn tí a ti fi ooru pa gbogbo ohun alààyè inú rẹ̀, yóò ràn. Nítorí náà, gàárì tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ikwerre àti Ogoni, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ti kọjá kí ó tó dé ọwọ́ tiwọn pàápàá.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ń lọ nìyí. Ìtàn kan wà nípa sóyà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó fi Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Ìlọrin, Oǹdó tàbí Ọ̀yọ́ sílẹ̀ wá sí ìlú yìí gbọ́.

Sóyà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà; láti Éṣíà ni ó ti wá. Ní 1908 ni wọ́n gbìn ín ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, kò sì yọrí sí rere. Nígbà tí ó di 1937, irú kan tí a ń pè ní Malayan bẹ̀rẹ̀ sí ṣe dáadáa ní ilẹ̀ Tiv, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Benue lónìí. Malayan gbà láti bá bakitéríà tí ó bá nílẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú irú ti Amẹ́ríkà wá, èyí tí a ti tún ìran rẹ̀ ṣe kí ó lè so púpọ̀. Ìran rere ni, ṣùgbọ́n ó gbéraga: bakitéríà tí ó mọ̀ láti ilé nìkan ni ó fẹ́ bá da nǹkan pọ̀, irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Ẹ̀wà ń jẹ, ẹ̀pà ń jẹ, nínú oko kan náà, lọ́wọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ó pọ̀ bí iyanrìn. Sóyà Amẹ́ríkà dúró láàárín wọn, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ebi ń pa á.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà kìíní ni kí àgbẹ̀ máa ra bakitéríà tí sóyà náà mọ̀, kí ó fi pa irúgbìn lára kí ó tó gbìn ín. Ọ̀nà yìí dára níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti ṣe irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀rá, NoduMax ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun alààyè ni. Bí oòrùn bá pa á lórí ọkọ̀ tàbí nínú ìsọ̀, àgbẹ̀ fi owó rẹ̀ ra ìyẹ̀fun lásán.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ọ̀mọ̀wé IITA bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Wọ́n mú sóyà Amẹ́ríkà tí ń so púpọ̀, wọ́n fi pọ̀ mọ́ irú ti Éṣíà tí kì í ṣe agídí, wọ́n sì ń ṣa ọmọ wọn láti ọdún dé ọdún, títí wọ́n fi rí irú tí ó ń so púpọ̀ tí ó sì ń bá bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà ṣiṣẹ́. TGx ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. TGx 1448-2E wà lára èyí tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. (Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìwà yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé pè lórí àga ìwàásù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó bi mí lẹ́yìn ìsìn.)

Ẹ wò ó dáadáa: sóyà kò di ẹ̀pà. Irúgbìn rẹ̀ ṣì jẹ́ sóyà, wàrà rẹ̀ ṣì jẹ́ wàrà sóyà. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé ó kọ́ láti dá onílẹ̀ lóhùn nígbà tí onílẹ̀ bá kàn án lára.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé tí Jeremáyà kọ sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀; kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀; kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ wọn. Ẹ ka orí 28 nígbà tí ẹ bá délé. Hananáyà ti sọ fún àwọn ènìyàn pé ọdún méjì péré ni, gbogbo wọn yóò sì padà sílé. Ọ̀rọ̀ Hananáyà ni gbogbo àlejò fẹ́ràn láti gbọ́. Ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa pẹ̀lú wí nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọdún méjì di mẹ́wàá, ó di ọgbọ̀n. A bí ọmọ síhìn-ín, a sin òkú síhìn-ín, síbẹ̀ a ṣì ń gbé bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ìlú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi wá ní ìbéèrè tí mo kọ sí orí ìwàásù yìí. Ta ni ó ń bọ́ ọ? Ìwọ oníṣòwò, ta ni ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta? Ìwọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ta ni ó fi ọ̀nà ọ́fíìsì hàn ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ó sọ fún ọ ẹni tí o lè bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí o kò gbọdọ̀ bá sọ̀rọ̀? Ilẹ̀ Diobu tí a tẹ ìsọ̀ sí yìí, ilẹ̀ àwọn ará Ikwerre ni. Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn nínú àdéhùn kan tí wọ́n sì bá ìjọba ṣẹjọ́ lé lórí lẹ́yìn náà. Mélòó nínú wa ni ó mọ ìtàn yìí? Mélòó ni ó lè kí onílé rẹ̀ ní èdè onílé? Àwọn kan ti lo ogún ọdún ní àdúgbò yìí tí wọn kò tíì bá ará Ikwerre kan jẹun pọ̀ rí. A ń ra iṣu Yorùbá, a ń pe télọ̀ Yorùbá, a ń dá èésú pẹ̀lú Yorùbá, a sì ń ráhùn pé ìlú náà kò gbà wá.

Èmi fúnra mi ti gbọ́ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ kò tíì bọ́ sọ́wọ́ wọn ni.” Wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò láìsí ìwé, àti onílé tí ó gba owó ọdún méjì tí ó sì tún lé ayálégbé jáde. Òtítọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. N kò ní fi ìwàásù bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún wo inú ilẹ̀, nítorí olè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bakitéríà wà tí yóò wọ inú kókó, tí yóò jẹ ṣúgà, tí kò ní fún sóyà ní náítírójìn kankan. Ní 2003, E. Toby Kiers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis fi ohun tí sóyà ń ṣe hàn. Kì í tìtorí kókó kan kọ gbogbo kókó. Kókó tí kò mú nǹkan wá, òun nìkan ni ó ń dín afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ń wọlé sí i kù, tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò fi lè bí sí i bí àwọn ìyókù. Kókó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ń gba owó rẹ̀ pé. Sóyà kò lọ́kàn, kò ka Bíbélì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni a ń bá wí. Àwa ni ẹnì kan yóò rẹ́ jẹ ní ọjọ́ Ẹtì, tí a ó sì fi gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bú ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ohun kan wà tí ó burú ju ti olè lọ lójú tèmi, nítorí inú ilé tiwa ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá da yúríà púpọ̀ sí ìdí ẹ̀wà, kókó rẹ̀ kò ní yọ bí ó ti yẹ mọ́. Ẹ̀wà náà ti yó. Kò kàn ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó ti yọ tẹ́lẹ̀ pàápàá á dẹ́kun iṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ajílẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n òjò Port Harcourt kì í pẹ́ fọ ajílẹ̀ lọ, kókó kì í sì í yọ ní ọjọ́ kan. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ní àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ebi ni.

Ẹ ka Diutarónómì orí 8, níbi tí Mósè ti ń kìlọ̀ fún àwọn tí yóò jẹun yó, tí yóò kọ́ ilé dáradára, tí wọn yóò wá rò pé agbára ọwọ́ àwọn ni ó kó ọrọ̀ náà jọ. A ti rí i nínú ìjọ yìí. Ẹnì kan dé pẹ̀lú báàgì kan. Obìnrin tí ń ta ẹja gbígbẹ gbà á sí yàrá ọmọ rẹ̀, alájàpá kan yá a lówó ọjà, akọ̀wé kékeré kan bá a gbé ìwé rẹ̀ lọ sórí tábìlì ọ̀gá. Nígbà tí iṣẹ́ àgbàṣe ńlá dé, ó kó lọ sí GRA. Obìnrin ẹlẹ́ja náà kí i nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Iṣẹ́ àgbàṣe parí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ má bi mí pé ta ni, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, àwọn àgbà wa sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ orúkọ bakitéríà kankan.

Bí ó ti jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi Ìkórè ni òní, a ó gbé iṣu, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti úgú wá síwájú pẹpẹ. Kí a tó gbé wọn wá, mo bẹ̀ wá pé kí olúkúlùkù ka iye ọwọ́ tí ó bọ́ ọ ní ọdún yìí, láti orí ọmọ iṣẹ́ tí ń ṣí ìsọ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ àti alábàárù tí ń ti ọmọlanke nínú ẹrẹ̀. Bí owó ọmọ iṣẹ́ rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ láti oṣù tí ó kọjá, ẹ̀wà kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí bakitéríà. Lọ san án lọ́la kí o tó mú ọrẹ wá ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Jákọ́bù 5:4 wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Bí a bá sì ń gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú gẹ́gẹ́ bí Jeremáyà ti wí, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ilẹ̀ rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìwádìí ilẹ̀ Ogoni, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Ní àwọn ibì kan epo rọ̀bì ti wọ ilẹ̀ lọ tó mítà 5. Níbi tí epo bá bò, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tíntìntín tí mo ti ń sọ̀rọ̀ wọn á kú. Àwọn díẹ̀ wà tí Ọlọ́run dá tí wọ́n ń jẹ epo náà, bí ènìyàn bá tú ilẹ̀ náà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, tí ó sì fún wọn ní ajílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni. Àwọn kan nínú wa ń pe ọ̀ràn yìí ní ọ̀ràn wọn. Gàárì tí ó wà nínú ìkòkò wa, láti ibo ni ó ti wá?

Iṣẹ́ kékeré kan ni mo ní fún gbogbo ilé. Ẹ mú ẹ̀wà mẹ́wàá tí kòkòrò kò tíì jẹ, ẹ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sínú àpò ìrẹsì tí ẹ bu erùpẹ̀ sí, kí ẹ lu ìsàlẹ̀ àpò náà kí omi lè jáde. Ẹ má da ajílẹ̀ òyìnbó sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ rọra fi ọ̀bẹ wú ìdí kan, ẹ má fà á tu pẹ̀lú agbára, kí kókó má baà já sínú ilẹ̀. Kókó tí ó bá rọrùn láti fi ìka yọ kúrò lára gbòǹgbò, tí inú rẹ̀ sì pupa, ń ṣiṣẹ́. Bí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tí ó rí bí ewé tútù, kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí ó ti ṣíwọ́. Èyí tí kò bá ṣeé yọ, tí ó jẹ́ pé gbòǹgbò gan-an ni ó wú, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Aràn kékeré inú ilẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́. Kí àwọn ọmọ kó gbòǹgbò tiwọn wá sí Ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, kí àwọn olùkọ́ là á níwájú wọn. Kí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀.